Níbo la ti lè rí ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, Ìlọrin àbí Ọ̀fà?

ÀbúròTélọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Télọ̀ ni, Ọ̀fà la wà. Ẹni tó bá mọ agbádá lágbègbè wa á ti dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ lára aṣọ kó tó béèrè orúkọ. Àmọ́ láti bí ọdún mẹ́ta sí ìsinsìnyí, ọtí ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ fa ọtí inú ọ̀rá kan mu. Bí kò bá mu ún, ọwọ́ á máa gbọ̀n débi pé òwú ò ní wọ ojú abẹ́rẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a níbi tó ti ń fi ẹnu lá òwú, tó ń tì í, tí òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ló ń dun òun. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú ni.

Lálẹ́ àná òun fúnra rẹ̀ ló bá mi sọ ọ́. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń pàdé, ọ̀mùtí bíi tòun, tí wọ́n jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ó ní bí mo bá bá òun wá wọn rí, òun á lọ. Kó tó yí ọkàn padà ni mo ṣe sáré wá síbí. Níbo ni wọ́n wà? Ṣé wọ́n wà l'Ọ́fà àbí Ìlọrin ni? Èló ni wọ́n ń gbà? Ṣé ti ìjọ ni? Mùsùlùmí ni wá. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù jù lọ ni kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n má lọ rí i níbẹ̀.

ỌmọAjásẹ́ · 9:31 alẹ́

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ọtí ló kàn tí wọ́n máa gbé ṣánlẹ̀. Èmi ò mọ ibì kankan o, mo kàn kọ èyí kí ọ̀rọ̀ yín lè dúró lókè kí àwọn tó mọ̀ rí i ni.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì · 10:02 alẹ́

Àbúrò, ẹ kú àníyàn. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìpàdé, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ yẹn ná. Ojú kọ́. Ara tó ti mọ́ lára ọtí ló ń bèèrè tirẹ̀.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá tíì mu, tó ń làágùn láìṣe nǹkan kan, tí èébì ń gbé láàárọ̀, kò gbọdọ̀ déédéé já ọtí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú ilé. Mo tún un sọ: kò gbọdọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé nígbà tó ṣe pé ohun burúkú lèèyàn fi sílẹ̀, kí ló tún lè ṣe é? Ọtí ò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn èyí tó mu kẹ́yìn ni ìgbọ̀nrìrì, òógùn àti àìróorunsùn máa ń bẹ̀rẹ̀. Gìrì bíi ti wárápá lè gbé e láàárín wákàtí 6 sí 48. Èyí tó burú jù máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin: ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kò ní mọ ibi tó wà. Ìyẹn ń pa èèyàn.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn ẹbí kan ti ọkùnrin kan mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta kí ọtí lè dá lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ṣe ló ń ṣa kòkòrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kó wọn sínú ọwọ́ òsì, ó ní kí n bá òun wá páálí. Kòkòrò kankan ò sí. Ìyá rẹ̀ ń sunkún pé ayé ti ṣe ọmọ òun. Ayé kọ́, ọtí tó kúrò lára lójijì ni. Ó yè é, àmọ́ díẹ̀ ló kù.

Nítorí náà dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí, kí ìpàdé tẹ̀ lé e. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin, ìyẹn UITH, tó wà lójú ọ̀nà Old Jebba Road ní Ìlọrin, ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Behavioural Sciences. Àwọn ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ọtí àti oògùn. Ìjọba àpapọ̀ náà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Budó-Ẹ̀gbá, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Bí Ìlọrin bá jìnnà lójú rẹ̀ báyìí, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó wà l'Ọ́fà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé fún un. Wọ́n á fún un lóògùn tí yóò mú ara rọlẹ̀, wọ́n á máa dín in kù lójoojúmọ́, wọ́n á sì fún un ní fítámì B1, torí ọtí máa ń gbẹ ìyẹn lára. Ẹ má lọ ra oògùn orun ní kẹ́míìsì fúnra yín o. Òun àti ọtí lápapọ̀ lè dá èémí dúró.

Títí tí ẹ ó fi débẹ̀, kó má já a sílẹ̀ lójijì, kó má sì fi kún un. Kó máa jẹun. Bí gìrì bá gbé e tàbí tó bá ń sọ ìsọkúsọ, ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjì òru.

ÒkèÌtúsílẹ̀ · 10:20 alẹ́

Ẹ̀mí ọtí ni. Ẹ gbé e wá sórí òkè, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbígbẹ, kò ní fẹnu kàn án mọ́ láyé.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì · 10:24 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà fún un bó ṣe wù yín, èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ẹ tún ohun tí mo kọ sókè kà.

Ọjọ́KanNáà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ọ̀mùtí ni mí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mi ò fẹnu kan ọtí. Ìlọrin ni mò ń gbé. Ẹ má bi mí ládùúgbò. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni mo fọwọ́ sí ná. Èmi já tèmi sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Tánkẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, gìrì sì gbé mi lórí ilẹ̀. Ìdí tí mo fi wà láàyè ni pé ẹnìkejì mi tètè dé láti ibi iṣẹ́.

Ó yá, ìpàdé. Ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ nípa rẹ̀ ni Alcoholics Anonymous, AA là ń pè é. Ní Akron, Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Ọkùnrin kan láti New York, tó ń ṣòwò ìpín ìdókòwò, bá iṣẹ́ lọ síbẹ̀, iṣẹ́ náà sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró ní òtẹ́ẹ̀lì, ibi tí wọ́n ti ń mutí wà níwájú rẹ̀, fóònù sì wà nítòsí. Kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tó ti jáwọ́. Fóònù ló lọ gbé. Ó ń wá ọ̀mùtí míì tóun lè bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe kó lè wàásù fún un, kí òun fúnra òun má baà mu ni. Wọ́n júwe dókítà kan fún un tí ọtí ti ń ba iṣẹ́ abẹ rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ tí dókítà yẹn mu tìkẹyìn, 10 June 1935, ni wọ́n ń kà bí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Mo sọ ìtàn yìí torí pé òun náà ni gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn: ọ̀mùtí ń bá ọ̀mùtí sọ̀rọ̀. Kò sí dókítà níwájú, kò sí pásítọ̀, kò sí àáfà, kò sí ẹni tó ń sanwó oṣù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí wọn nìyí. Mi ò ní kọ àdírẹ́sì tiwa síbí. Ibi téèyàn mẹ́jọ ti ń pàdé, bí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbangba, ẹnì kan á lọ jókòó sí òdìkejì títì láti wo ẹni tó ń wọlé. Ẹ lọ sí aa.org, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń wá ẹgbẹ́ tó sún mọ́ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ lọ́sibítù. Wọ́n sábà máa ń ní nọ́ńbà ẹnì kan. Bẹ́ ẹ bá wá rí nọ́ńbà, ẹ pè kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Ẹgbẹ́ máa ń kó kúrò ní yàrá kan lọ sí òmíràn, ọjọ́ máa ń yí. Ẹni tó ti Ọ̀fà wá bá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ibi tó máa yà sí kó tó délé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè ọjọ́, aago, èdè tí wọ́n ń sọ, àti bóyá ìpàdé náà ṣí fún gbogbo èèyàn tàbí ó jẹ́ ti ọ̀mùtí nìkan. Bó bá ṣí, ẹ lè bá a wọlé. Bí kò bá ṣí, ẹ dúró síta.

Owó: kò sí. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí owó oṣù. Wọ́n á gbé abọ́ tàbí fìlà kọjá, ẹni tó bá ní á ju díẹ̀ sí i fún owó yàrá àti tíì. Ẹni tuntun ò gbọdọ̀ ronú sí i rárá. Ẹgbẹ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ gómìnà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni kó wù ọ́ láti jáwọ́. Ẹ ò gbọ́ mi bí, mo ní kó *wù* ọ́. Wọn ò ní kó o ti jáwọ́ tán.

Inú ìpàdé wá ńkọ́? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tèmi, àga róbà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, a tò wọ́n rìbìtì, ọ̀kan ti kán lẹ́sẹ̀ wọ́n sì fi bíríkì gbé e. Báàgì píọ̀ wọ́tà kan wà nílẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ ni NEPA mú iná lọ, ẹnì kan fi fóònù tanná, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ dákẹ́. Ẹnì kan ń darí, á ka ohun díẹ̀, àwọn ìgbésẹ̀ méjìlá náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dárúkọ rẹ̀, ẹyọ kan péré, á ní "ọ̀mùtí ni mí", á sì sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá a lóhùn, wọn kì í gbà á nímọ̀ràn, wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sì fẹ́ sọ nǹkan kan, kó ní "mo kàn wá gbọ́", ó parí. Ìpàdé mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìlọrin, ẹ mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá jókòó ti ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kejì ni "ilé wo lẹ ti wá?" Agboolé wo, ta ni bàbá yín. Nínú yàrá yẹn nìkan ni mo ti bá àwọn èèyàn jókòó ní Ìlọrin tẹ́nikẹ́ni ò bi mí nílé. Ohun téèyàn bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń fi sí.

Nípa kí wọ́n má lọ rí i: ẹ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ó bá ẹni tó mọ̀ níbẹ̀. Kí ni onítọ̀hún náà ń wá débẹ̀?

Taiwo_Road_Boy · 7:15 àárọ̀

Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń gbowó o. Ibì kan wà tí mo mú àbúrò mi lọ, wọ́n gba ₦40,000 owó ìforúkọsílẹ̀ kó tó jókòó, wọ́n tún ní ká mú ẹ̀wọ̀n wá bí kò bá gbọ́ràn. Mo ní ẹ̀wọ̀n kẹ̀? A ò san ìyókù, a gbé ọmọ wa. Ní 2019, ọlọ́pàá tú ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ ní Kàdúná àti Dàúrà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn nínú ṣẹkẹṣẹkẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ fi èèyàn yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ má wá wò ó, ẹ yí ọkọ̀ padà.

ÀáfàOdòÒkun · 8:40 àárọ̀

As-sàlámù àlékúmù. Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ti ẹ̀sìn.

Ọtí harámù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, Súrátù Máídà ẹsẹ 90 ti sọ ọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí àwa tá a ń wàásù kì í fẹ́ rántí. Nígbà ayé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, wọ́n máa ń gbé ọkùnrin kan wá léraléra nítorí ọtí. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan gbé e ṣépè. Ànábì ní kó má ṣépè fún un, pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ní ìlú wa yìí, ẹni tó ń mutí tó jẹ́ Mùsùlùmí, inú òkùnkùn ló máa ń mu ún, inú òkùnkùn náà ló sì máa ń ṣàìsàn rẹ̀ sí, torí ojú tá a máa fi wò ó. Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀.

Ìpàdé yẹn, mo bi àwọn tó ń lọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àmọ́ bí olúkúlùkù bá ṣe mọ̀ Ọ́n ni. Nígbà míì, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń háyà, torí àwọn yẹn ló máa ń ní yàrá tó ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá háyà yàrá kò tíì di ọmọ ìjọ. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà ìparí tí kò sì bá a lára mu, kó dákẹ́, kó ṣe àsíkìrì tirẹ̀ nínú. Kó sì béèrè aago wọn, kó má forí gbárí pẹ̀lú Mọ̀gáríbì. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ti sún tiwọn síwájú nítorí ìyẹn.

Jẹ̀díNiMoFiBẹ̀rẹ̀ · 1:05 ọ̀sán

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti àárọ̀, ọwọ́ mi ń yún mi.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun rí mi ní bíà pálọ̀ rí. Mi ò mu bíà rí láyé mi. Agbo ni mo máa ń mu. Agbo jẹ̀dí, agbo ẹ̀yìn ríro, tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ife kékeré kan, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí n tó gbé igbá lọ sí Ọjà Ìpàta. Nígbà tó yá, ife méjì. Nígbà tó tún yá, mo ń gbé ìgò tèmi dání, mo fi ìdikù bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mò ń mutí, mo lè bá a jà, torí oògùn ni mò ń lò. Ìyá alágbo gan-an ló bá mi sọ òótọ́. Ó ní, "Ìyá, jẹ̀dí yín ti lọ láti ọdún tó kọjá."

Nítorí náà, àbúrò, ẹ má ka ọ̀rá nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín bó bá ń mu páràgà àti agbo pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà, torí iye tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n á fi díwọ̀n oògùn.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń kà láìfèsì, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin méje, èmi nìkan lobìnrin. Mo jókòó sídìí ilẹ̀kùn, mo gbé báàgì lé itan, mo fẹ́ sá. Kò sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ mi ò lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀, èmi ò tan ara mi. Ọ̀kan nínú wọn bá mi wá nọ́ńbà obìnrin kan tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́, tó wà ní ìlú míì. Òun ni mò ń pè lálẹ́. Ẹ béèrè fún obìnrin. Ó lẹ́tọ̀ọ́.

ỌmọAjásẹ́ · 1:22 ọ̀sán

Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú jẹ̀dí tó ti lọ. Àmọ́ ẹ tún jẹ́ kí n ro ti bàbá mi wò.

ÒmùÀránNiMoWà · 4:48 ìrọ̀lẹ́

Fún àwa tá a wà ní ìsàlẹ̀ Kwara tí Ìlọrin jìnnà sí. Kò sí ẹgbẹ́ nítòsí mi nígbà tí mo jáwọ́, fóònù ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ sí aa-intergroup.org, ìpàdé orí Zoom wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ẹ lè pa kámẹ́rà, ẹ lè pe ara yín ní orúkọ tó bá wù yín. Àwọn ìpàdé kan wà tó jẹ́ pé ẹ lè fi ìpè lásán wọlé, kò ní jẹ dátà púpọ̀. Ẹ ṣọ́ aago nìkan: bó bá jẹ́ ti London, ìgbà ooru wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba, ìgbà òtútù wọn, tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú. Mo pàdánù ìpàdé mẹ́ta ní November kan kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti yí aago padà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí ọkùnrin kan láti ẹ̀gbẹ́ Òkè-Oníigbìn tí òun náà ń lo fóònù. Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta bá kó ara wọn jọ nítorí àtijáwọ́, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Kò gba ìwé àṣẹ. A bẹ olùkọ́ kan, ó yá wa ní kíláàsì pírámárì, a jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wa kan àgbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la fi jẹ́ àwa méjì péré. Ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹnìkẹta kan ilẹ̀kùn.

Ṣọ́ọ̀bùỌwọ́dé · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Mò ń ta ọjà l'Ọ́fà, mo ta ọtí inú ọ̀rá rí. Àwọn NAFDAC ní kò gbọdọ̀ sí mọ́ láti February 2024, wọ́n tún wá sún un dé December 2025. Ẹ má fọkàn sí òfin. Ohun tó máa ran ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ń gbà á láwìn. Gbogbo wa la ní ìwé àwìn. Ẹ lọ bá oníṣọ́ọ̀bù náà ní jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ san gbèsè rẹ̀ tán, ẹ ní kó fa ìlà sábẹ́ orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa á gbà, a kì í ṣe ìkà. Kó sì yí ọ̀nà tó ń gbà lọ sídìí iṣẹ́ padà, bó bá tiẹ̀ jìnnà sí i.

ÌyàwóẸ̀rìnIlé · 8:33 alẹ́

Ẹ̀yin náà ńkọ́, àbúrò? Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ara yín.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń da ọtí ọkọ mi nù sí kòtò, tí mò ń ka ìgò, tí mò ń pe ọ̀gá rẹ̀ pé ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Mo mọ ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo lè fi ìyẹn nìkan sọ iye ìgò tó ti mu. Ẹgbẹ́ wà fún ẹbí náà, Al-Anon, 1951 ni àwọn ìyàwó ọ̀mùtí dá a sílẹ̀. Orí fóònù ni mo ti ń bá wọn ṣe é. Wọn ò kọ́ mi bí mo ṣe máa dá a lẹ́kun o. Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ ni pé mo ṣíwọ́ irọ́. Ọ̀gá pè, mo gbé fóònù fún un: "Ọ̀gá yín ló ń béèrè yín." Ọ̀sẹ̀ yẹn le. "Ojú ni" tí ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ yẹn, irọ́ tèmi náà nìyẹn, mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lóru, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NDLEA wà, 0800 1020 3040. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gbani níbẹ̀. Ọtí ò sí lára ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ múni, ẹ má bẹ̀rù.

ÀbúròTélọ̀ · ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:47 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ìyàwó Ẹ̀rìn-Ilé, ọ̀rọ̀ yín yẹn, mo pa fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè fèsì.

A lọ sí ọsibítù. Mo sọ iye tó ń mu, òun náà sọ tirẹ̀, tirẹ̀ fi ìlọ́po méjì ju tèmi lọ, páràgà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹta ò dára rárá, ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì, ká ní ilé la wà, mi ò fẹ́ máa rò ó. Òṣìṣẹ́ kan ló fún wa ní nọ́ńbà. Mo pè. Ìpàdé ti kó kúrò níbi tí wọ́n kọ sínú ìwé wa.

Lọ́jọ́ tá a lọ, a wọ mọ́tò lẹ́yìn Súúrì. Láti Ìdófìán ló ti fa fìlà wálẹ̀. Ó ní ká má dé Gáréèjì Ọ̀fà, pé èèyàn Ọ̀fà pọ̀ níbẹ̀ jù, ká bọ́ọ́lẹ̀ ṣíwájú ibẹ̀ ká wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tá a dé, kò wọlé. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò kan, ó gbé fóònù sétí, ó ń sọ pé "ẹ̀n, ẹ̀n", fóònù náà ti kú láti Gànmọ́, mo mọ̀. Ọkùnrin arúgbó kan jáde wá bu omi, ó wò ó, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn gan-an lèmi náà dúró sí." Ó padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù sápò, ó tẹ̀ lé e.

Èmi jókòó síta fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tó jáde, ó dákẹ́ títí a fi kọjá Ajásẹ́. Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bá ẹnì kan tóun mọ̀ níbẹ̀. Mo ní ta ni? Ó ní, "Kò kàn ọ́." Mo ní ṣé ará Ọ̀fà ni? Ó ní kí n wo iwájú.

Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì ó mu ọ̀rá méjì, ó sì padà lọ sọ fún wọn, ó ní wọn ò lé òun. Ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ láàárọ̀, dókítà ní á máa lọ. Èmi ni mò ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún un báyìí, kò sì sọ̀rọ̀ ojú mọ́.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé lálẹ́ yìí: owó mọ́tò ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ti ń wọ̀ wá lọ́rùn. Òun àti ẹni tí kò kàn mí yẹn ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́fà níbí, alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ṣeé lò, iwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ta ọ̀rá. Ta ló ní yàrá tí kò kọjú sí ilé ọtí?

ỌmọAjásẹ́ · 10:59 alẹ́

Bàbá mi ní ilé kan l'Ọ́fà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Iná ò dájú, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Bàbá sì ní kí n béèrè bóyá ẹni tó ń mu agbo nìkan náà lè wá.